Èmi àti ọkọ mi fẹ́ gba ilé etíkun ní erékùṣù fún ọjọ́ mẹ́wàá: kí ni ó yẹ kí a bi onílé kí a tó sanwó?

Ìyàwó Àdìó béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọdún yìí ni ó pé ọdún méjìlá tí èmi àti olówó orí mi ti jọ ń gbé, kò sì tíì sí ìgbà kan láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa tí àwa méjèèjì nìkan kúrò nílé ju alẹ́ ọjọ́ kan lọ. Bí kò bá jẹ́ ti àwọn ọmọ, a jẹ́ ti iṣẹ́. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá dilẹ̀, ọwọ́ ẹnì kejì a dí. Ní báyìí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti gbà láti bá wa tọ́jú àwọn ọmọ fún ọjọ́ mẹ́wàá, owó tí a sì ti ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti tó fi gba ilé kékeré kan létí òkun, ní ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù ilẹ̀ olóoru. Ilé ni a fẹ́, a kò fẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ohun tí ó ń wù wá kò ju pé kí a jí nígbà tí oorun bá dá lójú wa, kí a fi ọwọ́ ara wa se ohun tí a bá fẹ́ jẹ, kí a sì jókòó sí ẹ̀yìn ilé láìsí ẹni tí yóò wá kan ilẹ̀kùn.

Oṣù Kẹjọ nìkan ni ìsinmi wa lè bọ́ sí. Ilé mẹ́ta ni ó wà níwájú wa: ọ̀kan wà ní erékùṣù kan lágbègbè Caribbean, ọ̀kan wà ní Mahé ní orílẹ̀-èdè Seychelles, ìkẹta sì wà ní ìhà ìlà-oòrùn Zanzibar. Mo ti wo àwòrán wọn títí tí mo fi mọ iye ìrọ̀rí tí ó wà lórí ibùsùn kọ̀ọ̀kan. Ti Zanzibar ni ó wù mí jù, nítorí pé nínú àwòrán rẹ̀ omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ̀gùn ilé.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé n kò mọ ohun tí ó yẹ kí n béèrè. Onílé kọ̀ọ̀kan ní kí n bi òun léèrè ohunkóhun tí mo bá fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò dé ibì kan rí kò lè mọ ohun tí yóò ṣe é níbẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ràn láti máa lúwẹ̀ẹ́, wọn kì í sì í bẹ̀rù omi. Èmi kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá, ìbẹ̀rù omi sì ti wà lára mi láti kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ bá ti béèrè ká ní ẹ mọ̀?

Baba Arìnrìn-àjò dáhùn pé:

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, Ìyàwó Àdìó. Kí ẹ tó béèrè ohunkóhun nípa ibùsùn tàbí ilé ìdáná, ẹ kọ́kọ́ bi onílé léèrè òkun tí ó wà níwájú ilé rẹ̀. Òkun náà ni yóò pinnu bí ọjọ́ yín yóò ṣe rí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ibi tí ẹ óò máa sùn sí ni ilé jẹ́.

Èmi àti ìyàwó mi gba irú ilé tí ẹ ń sọ yìí rí ní ìhà ìlà-oòrùn Zanzibar, kò jìnnà sí Jambiani. Àwòrán tí wọ́n fi hàn wá kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ṣàpèjúwe. Ọ̀sán gangan ni a dé ibẹ̀. A gbé ẹrù sílẹ̀, a yára jáde sí ẹ̀yìn ilé, a kò sì rí òkun. Iyanrìn tútù ni a rí tí ó lọ súà, tí adágún omi kéékèèké tí kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀ wà káàkiri orí rẹ̀, níbi tí ojú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó mọ́ ni a ti ń rí ìlà funfun kan, níbi tí ìgbì ti ń fọ́ lára àpáta iyùn. Àwọn obìnrin kan wà láàárín iyanrìn náà tí wọ́n ká aṣọ sókè dé orúnkún, tí wọ́n ń so ewé òkun mọ́ okùn tí a ta láti orí igi kékeré kan dé òmíràn. Oko wọn ni ibẹ̀, ìgbà tí omi bá fà nìkan ni wọ́n sì lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, "Ṣé ilé yìí náà ni?" Kí oòrùn tó wọ̀, omi ti padà wá bá wa lẹ́nu àtẹ̀gùn, bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀ rí.

Onílé kò parọ́ fún wa, ìgbà tí omi kún ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ etíkun, òkun a máa kún lẹ́ẹ̀mejì, a sì máa fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sán àti òru kan. Láti ìgbà tí ó bá kún dé ìgbà tí ó bá fà tán jẹ́ wákàtí mẹ́fà ó lé ìṣẹ́jú díẹ̀, ojoojúmọ́ ni àkókò náà sì ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ bá rí omi lúwẹ̀ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, iyanrìn gbígbẹ ni ẹ lè bá ní wákàtí kan náà ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, kíkún òkun a ga jù lọ, fífà rẹ̀ a sì jìnnà jù lọ. Ní Zanzibar, ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì lè ju mítà mẹ́ta lọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òṣùpá bá jẹ́ ìdajì, ìyàtọ̀ náà a dín kù. Àtẹ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún etíkun kọ̀ọ̀kan tí ó ń sọ wákàtí tí omi yóò kún àti èyí tí yóò fà, ẹ sì lè wo ti oṣù Kẹjọ láti ìsinsìnyí. Bí ó bá jẹ́ pé lúwẹ̀ẹ́ ni ọkọ yín fẹ́ máa ṣe ní gbogbo ìgbà, Nungwi àti Kendwa ní ìhà àríwá erékùṣù náà dára ju ìlà-oòrùn lọ, nítorí pé omi kì í sá jìnnà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé rírìn kiri lórí iyanrìn ni ẹ fẹ́ràn, n kò mọ ibi tí ó dára ju ìlà-oòrùn náà lọ.

Ní ti oṣù Kẹjọ, erékùṣù Caribbean ni mo bẹ̀rù fún yín jù. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà dé ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá ni àkókò ìjì líle lórí òkun Àtìláńtíìkì, ìparí oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá ni ó sì máa ń gbóná jù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ìjì tí wọ́n pè ní Irma ba Barbuda jẹ́ débi pé wọ́n kó gbogbo ènìyàn kúrò ní erékùṣù náà. Àwọn kan máa ń sọ pé kí ènìyàn sún sí gúúsù, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjì Beryl kọlu Carriacou tí ó jẹ́ ti Grenada, gúúsù náà sì ni ibẹ̀ wà. Aruba, Bonaire àti Curaçao ni ìjì kì í sábà dé. Bí ilé yín kò bá sí ní ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí, ẹ rí i dájú pé onílé yóò dá owó yín padà bí ìjì bá dí yín lọ́nà, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Mahé kò ní wàhálà ìjì líle bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó súnmọ́ ìlà tí ó pín ayé sí méjì, irú ìjì yẹn kì í sì í sábà lágbára nítòsí ibẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ láti gúúsù ìlà-oòrùn, a sì máa ru òkun sókè, a sì máa gbá ewé òkun jọ sí etíkun tí ó bá kọjú sí i. Ẹ̀yìn òkè ni ìwọ̀-oòrùn àríwá wà, nítorí náà etíkun Beau Vallon tí ó wà níbẹ̀ a máa parọ́rọ́ ní oṣù Kẹjọ nígbà tí ìgbì Anse Intendance ní gúúsù bá ń bú ramúramù. Erékùṣù kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni. Ẹ bi onílé pé: apá ibo ni ilé rẹ kọjú sí?

Ìyá Ìbejì dáhùn pé:

Òótọ́ ni Baba Arìnrìn-àjò sọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú fo inú ilé o, ìyàwó wa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti baálé mi gba ilé kan ní erékùṣù kékeré tí n kò ní dárúkọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo ti fi ọṣẹ para láti orí dé ẹsẹ̀ nígbà tí omi ẹ̀rọ kàn dá wàì. Táńkì orí ilé ti gbẹ. Onílé kò gbé ní erékùṣù náà, ẹni tí ó ń bá a mójú tó ilé kò sì gbé fóònù rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Omi tí a ti sè sílẹ̀ láti mu ni baálé mi bù wá fún mi, ife kan lẹ́yìn òmíràn, kí n lè fi ṣan ọṣẹ kúrò lójú. A gbádùn ìyókù ìrìn-àjò náà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ìbéèrè nípa omi ni ó ń ṣáájú lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Omi dídùn kò pọ̀ ní erékùṣù kékeré. Ní ọ̀pọ̀ irú ibẹ̀, omi òjò tí ó rì sínú ilẹ̀ ni ó léfòó lórí omi iyọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, bí wọ́n bá sì fà á jù, omi iyọ̀ a gòkè bọ̀ nínú kànga. Àwọn ilé mìíràn gbára lé òjò tí wọ́n gbè, àwọn kan gbára lé ọkọ̀ tí ń gbé omi kiri, àwọn mìíràn sì ń lo ẹ̀rọ tí ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun. Kò sí èyí tí kò dára nínú wọn, ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí ẹ mọ èyí tí ilé yín ń lò, bí táńkì rẹ̀ ti tóbi tó, ẹni tí yóò kún un, àti ọjọ́ tí yóò kún un. Ẹ tún béèrè bóyá ó ṣeé mu.

Lẹ́yìn omi ni iná. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ amúnáwá wà, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe gbẹ̀yìn, nítorí pé afẹ́fẹ́ òkun kún fún iyọ̀, kò sì sí irin tí kì í mú dógùn-ún: àgádágodo, ìkọ́ ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ àga, àti inú ẹ̀rọ pàápàá. Yàrá tí fáànù òkè ilé wà, tí àwọ̀n wà lójú fèrèsé rẹ̀, tí àwọ̀n ẹ̀fọn sì bo ibùsùn rẹ̀, tẹ́ mi lọ́rùn ju ẹ̀rọ amúlétutù tí kò dájú lọ. Ẹ má gbàgbé pé kì í ṣe alẹ́ nìkan ni ẹ̀fọn ń jẹni. Kò sí ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri lóru ní Seychelles, Mauritius àti Maldives, ṣùgbọ́n ibà dengue máa ń wáyé níbẹ̀, ọ̀sán sì ni ẹ̀fọn tí ń gbé e kiri máa ń jẹni jù. Ní Zanzibar, ibà ti òru náà ti dín kù gan-an, kò tíì tán, nítorí náà ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ nípa oògùn kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá ń ti ilẹ̀ tí ibà pọ́njú wà bọ̀, ẹ óò nílò káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní Zanzibar àti ní Seychelles, ó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí ẹ gba abẹ́rẹ́ náà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìjọba Zanzibar tún ti sọ ọ́ di dandan kí àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè gba ìwé adójútòfò lọ́dọ̀ àjọ wọn kí ó tó wọlé, èyí tí ẹ bá sì gbà níbòmíràn kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ní ti owó, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kúrò lórí ojúlé tí ẹ ti rí ilé náà, kí ẹ wá san gbogbo owó sọ́wọ́ òun tààrà kí ó lè dín in kù fún yín, ẹ má dá a lóhùn mọ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa ìdápadà owó títí dé ìlà ìkẹyìn.

Ohun kan ṣì kù tí ènìyàn kì í rò. Nítòsí ìlà tí ó pín ayé sí méjì, nǹkan bí aago mẹ́fà sí mẹ́fà ààbọ̀ ni oòrùn ń wọ̀ jálẹ̀ ọdún, ilẹ̀ a sì ṣú kíákíá. Ẹ ṣètò ọkọ̀ òfurufú yín kí ẹ lè dé ilé náà lójúmọmọ. Wíwá ẹnu ọ̀nà ilé tí ẹ kò dé rí nínú òkùnkùn etíkun, pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, lè mú kí tọkọtaya tí ó fẹ́ràn ara wọn bẹ̀rẹ̀ ìsinmi pẹ̀lú ìbínú.

Nọ́ọ̀sì Etídò dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù omi tí ẹ mẹ́nu bà ni ó mú mi dá sí i, mà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe, mo sì ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí òkun ṣe lọ́ṣẹ́. Ìbẹ̀rù yín kò burú. Ọkọ yín tí kì í bẹ̀rù gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ sọ fún wọn pé òkun kì í ṣe odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì. Ohun tí ó sábà máa ń pa ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ ni omi tí ń ṣàn padà láti etíkun lọ sí agbami. Ìgbì a kó omi wá sí èbúté, omi náà gbọ́dọ̀ padà, a sì máa gba ojú ọ̀nà tóóró kan lọ pẹ̀lú agbára. Bí ẹ bá dúró lórí iyanrìn tí ẹ wò ó, ẹ óò rí i pé ìgbì ń fọ́ funfun ní apá ọ̀tún àti apá òsì, ṣùgbọ́n ibì kan wà láàárín tí kò ti fọ́, tí omi rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, tí ó sì dà bí ẹni pé ó parọ́rọ́. Ibi tí ó parọ́rọ́ yẹn ni ewu wà. Bí ó bá gbé ènìyàn, kí ó má ṣe bá a jà láti padà tààrà sí èbúté, nítorí àárẹ̀ ni yóò mú un. Kí ó fi ara lé omi kí ó lè máa léfòó, kí ó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní ìbú etíkun títí yóò fi bọ́ nínú ìṣàn náà, kí ó tó wá kọjú sí ilẹ̀. Bí ẹ bá rí ọkọ yín nínú irú rẹ̀, mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó sínú omi. Ẹ ju ohunkóhun tí ó lè léfòó sí wọn, kí ẹ sì pariwo pe ènìyàn. Ní etíkun Grand Anse ní La Digue, erékùṣù mìíràn ní Seychelles, pátákó ìkìlọ̀ wà létí omi nípa irú ìṣàn yìí, omi ibẹ̀ sì lẹ́wà débi pé àwọn ènìyàn ń kọjá lára pátákó náà láìkà á.

Fún ẹ̀yin fúnra yín, ẹ wá ibi tí àpáta iyùn ti dá ìgbì dúró lókèèrè, tí omi inú rẹ̀ kò ju orúnkún lọ. Ẹ jókòó sínú rẹ̀. Ẹ fi gíláàsì ojú bo ojú, kí ẹ tẹ orí ba, kí ẹ sì wo ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Mo ti rí obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún tí ó sunkún ayọ̀ nígbà tí ó rí ẹja aláwọ̀ ewé kan tí ń ha àpáta iyùn jẹ, tí iyanrìn funfun sì ń tú jáde nídìí rẹ̀. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe púpọ̀ nínú iyanrìn funfun tí ẹ óò máa tẹ̀.

Bàtà omi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le ṣe pàtàkì ju aṣọ ìwẹ̀ lọ. Ẹran omi kan wà tí ẹ̀gún bò lára bí òòrẹ̀, tí ó máa ń há sáàárín òkúta, ẹ̀gún rẹ̀ a sì máa kán sínú ẹsẹ̀. Ẹja kan sì tún wà ní òkun Íńdíà tí kò yàtọ̀ sí òkúta lójú, oró wà nínú ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ki ẹsẹ̀ náà bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà láìbó, tí kò ju ìwọ̀n 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, nítorí pé ooru a máa dín agbára oró náà kù, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ fi ọwọ́ ẹni tí kò fara pa dán omi náà wò, torí ẹni tí ìrora bá mú kò ní mọ̀ bí ó bá ń jóná. Nítorí náà, ẹ bi onílé pé: ilé ìwòsàn wo ni ó súnmọ́ jù, kí ni a ó gbé débẹ̀, ṣé ọkọ̀ máa ń wà lóru?

Bí ọkọ yín bá máa rì sábẹ́ òkun pẹ̀lú agolo afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, kí wọ́n dáwọ́ dúró, ó kéré tán, wákàtí 18 ṣáájú kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ní ti ìpara tí ń dènà oòrùn, ẹ yẹra fún èyí tí kẹ́míkà oxybenzone tàbí octinoxate bá wà nínú rẹ̀. Palau ti fi òfin de irú rẹ̀ láti ọdún 2020, Hawaii sì ti fòfin de títà rẹ̀ láti ọdún 2021 nítorí ìpalára tí ó lè ṣe fún àwọn àpáta iyùn. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn sàn jù ú lọ fún ẹni tí yóò pẹ́ nínú omi.

Bí ilẹ̀ bá mì gan-an nígbà tí ẹ wà létíkun, tàbí tí òkun bá fà sẹ́yìn lójijì ní wákàtí tí àtẹ kò sọ pé yóò fà, ẹ má dúró wo ẹja tí ń ta pàtì lórí iyanrìn, ẹ sáré lọ sí orí òkè, nítorí ìgbì ńlá tí wọ́n ń pè ní tsunami lè máa bọ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 2004, ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá kan, Tilly Smith, rí i ní Phuket ní ilẹ̀ Thailand pé òkun ń hó ní ọ̀nà tí olùkọ́ rẹ̀ ti ṣàlàyé fún wọn ní kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó ké sí àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kó ènìyàn tí ó tó ọgọ́rùn-ún kúrò létíkun náà láàyè.

Ìyàwó Àdìó dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún ọkọ mi lálẹ́ àná. Wọ́n dákẹ́ nígbà tí mo dé orí omi tí ń ṣàn padà, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ fún mi pé irú rẹ̀ ti gbé àwọn rí nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́. Láti ọdún méjìlá, n kò gbọ́ ọ rí.

Èyí mú mi rántí ohun tí ojú ń tì mí láti béèrè lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé, ti gáàsì àti ti ẹni tí yóò lọ gbé ọmọ ni ó kù tí a ń bá ara wa sọ. Ọjọ́ mẹ́wàá pọ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu tọkọtaya níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì dáhùn pé:

Ó máa ń tán, ìyàwó wa. Ti àwa méjèèjì tán ní ọjọ́ kejì. Baálé mi ń wo fóònù, mo ń gbá iyanrìn tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, mo jí ní ìdájí, mo bá wọn lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, wọ́n ń wo àwọn akàn kéékèèké tí ń gbẹ́ ihò, tí wọ́n ń kó iyanrìn jáde ní rógódó-rógódó, tí wọ́n sì ń tò ó yí ẹnu ihò ká. Mo jókòó tì wọ́n. Ó tó wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ̀rọ̀, kò sì sí èyí tí ó ń wá ohun tí yóò sọ. Ìgbà tí omi ń kún bọ̀ tí ó ń pa àwọn ihò náà dé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa bàbá wọn.

Ohun tí mo lè gbà yín nímọ̀ràn ni pé kí ẹ má kó ìrìn kiri kún ọjọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ láìsí ètò kankan. Kí olúkúlùkù yín sì ní wákàtí kan tirẹ̀ lójúmọ́, kí ọkọ yín lọ wo omi, kí ẹ̀yin sùn. Ẹni tí ó bá lọ fún wákàtí kan ni yóò ní ohun tí yóò sọ nígbà tí ó bá padà dé.

Ìyàwó Àdìó dáhùn pé:

Mo kọ ìbéèrè kan náà ránṣẹ́ sí àwọn onílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: apá ibo ni ilé kọjú sí, báwo ni òkun ṣe máa ń rí níwájú rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, níbo ni omi ilé ti ń wá, ilé ìwòsàn wo ni ó súnmọ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó wa bí ìjì bá dé. Onílé Caribbean fi àwòrán yàrá mìíràn ránṣẹ́, kò sì sọ nǹkan kan nípa owó. Onílé Zanzibar jẹ́ olóòótọ́: ó ya fídíò kékeré kan fún mi nígbà tí omi fà, ó rìn láti ẹnu àtẹ̀gùn rẹ̀ títí tí mo fi ń gbọ́ mímí rẹ̀ kí ó tó kan omi, ó sì ní kí n fi hàn ọkọ mi kí a tó pinnu. Mo mọrírì rẹ̀ gan-an, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ilé Mahé ni a gbà. Àríwá ìwọ̀-oòrùn ni ó kọjú sí, nítòsí Beau Vallon, onílé rẹ̀ ń gbé ní ilé kejì sí i, ó sì ti fi àwòrán táńkì omi méjèèjì ránṣẹ́ láì jẹ́ pé mo béèrè rẹ̀. A ó dé ibẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Ọkọ mi ti ra bàtà omi méjì wálé, tiwọn àti tèmi. Mo wọ tèmi lálẹ́ àná, mo sì fi rìn láti yàrá dé ilé ìdáná, kí ẹsẹ̀ mi lè tètè mọ̀ ọ́n.